Ohun Tí Ń Jẹ Wáyà

Onífíríìjì yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kò dá a lóhùn. Kò wúkọ́, kò kérora, kò tilẹ̀ dún kẹ́ẹ́kẹ́ bíi ti bátìrì tó ń kú lọ. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, ó wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kú.

"Àwọn eku yìí tún ti dé," ló wí fún ara rẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe kì í bẹ̀rù wáyà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́. Ńṣe ló tú fíríìjì kan palẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó tò ó padà, ó tún tú u, títí gbogbo rẹ̀ fi yé e. Bó ṣe mọ ọ̀nà tí òtútù ń gbà wọ inú irin ló ṣe mọ ọ̀nà tí iná ń gbà rìn nínú mọ́tò rẹ̀: láti bátìrì dé fíùsì, láti fíùsì dé kọ́ìlì, láti kọ́ìlì dé ibi tí epo ti ń gbiná. Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà lọ. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru máa ń pẹ́ sí jù, ìka rẹ̀ já sófo. Wáyà mẹ́rin ti gé. Rọ́bà wọn ti di èérún, bàbà inú wọn sì yọ síta, ó ń dán.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí láàrin oṣù kan.

Ìyàwó rẹ̀ yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn. Oyún inú rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́jọ.

"Ṣé wọ́n tún jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́."

"Máa gbé oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ fún wọn, bóyá wọ́n á fi wáyà sílẹ̀ fún wa." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ẹni tó nílò kí ẹnì kejì rán òun létí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìrọbí àkọ́kọ́ mú un, mọ́tò tí wọ́n yá kọ̀ jálẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi tì í kiri àgbàlá. Ìyá dé ilé ìwòsàn, ọmọ kò dé e láàyè. Lórí oyún tuntun yìí, dókítà ti bá wọn sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bí ìrọbí bá ti mú un, wákàtí kan lẹ ní. Ẹ má jẹ́ kó di méjì." Ìdí nìyẹn tí Onífíríìjì fi ra mọ́tò. Kò rà á fún fáàrí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló rà á fún.

Ó sì ti gbìyànjú. Ó so káńfọ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejì ó bá gbogbo rẹ̀ lórí bátìrì, wọ́n ti tò ó ní ẹsẹẹsẹ bí ọjà. Ó po ata gígún mọ́ gíríìsì, ó fi pa àwọn wáyà. Wọ́n jẹ gíríìsì, wọ́n jẹ ata, wọ́n jẹ wáyà. Ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tètè tutù, torí ooru ni eku ń wá. Ó gbé iná síbẹ̀. Wọ́n gé wáyà iná náà ná.

Láàárọ̀ yẹn, bó ṣe ń wá ibi tí yóò ti so àwọn wáyà náà padà, ọwọ́ rẹ̀ kan ohun múlọ́múlọ́ kan lẹ́yìn bátìrì. Ìtẹ́ ni. Àjákù aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n hun ún róbótó bí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ó fà á jáde. Láàárín rẹ̀ gan-an, àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé kan wà, àmì funfun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀.

Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Aṣọ oyún tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, àmì funfun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Tẹ́lọ̀ tó wà ní òdì kejì àgbàlá rán an fún un.

*

Òun àti Tẹ́lọ̀ ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò kan ṣoṣo ni òrùlé páànù inú àgbàlá náà lè gbà, ti Tẹ́lọ̀ ló sì máa ń wà níbẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ dé ilé náà. Ọkùnrin gíga ni, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju Onífíríìjì lọ, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò láàárín ètè rẹ̀. Ẹnu tó há abẹ́rẹ́ náà ló fi ń sọ̀rọ̀, tó fi ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ló fi kí Onífíríìjì lọ́jọ́ tó rí ìtẹ́ náà.

"Onífíríìjì! Ìwọ àtàwọn àlejò rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bùọ̀dá. Ṣé wọn kì í yà sọ́dọ̀ yín ni?"

"Sínú èyí?" Tẹ́lọ̀ gbá mọ́tò rẹ̀ lórí. "Ọ̀rẹ́ mi, eyín wọn á kán. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló kù gan-an?"

Onífíríìjì bi ara rẹ̀ léèrè. Kí ni tẹ́lọ̀ ń fi iye ọjọ́ ṣe?

"Ó kù díẹ̀," ló dáhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó rí i ní ìdájí, ó ń yí mọ́tò tirẹ̀ po, ó ń bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́, ó ń ju nǹkan lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ látinú agolo. Ó rí i tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ díẹ̀, tó sì fi igi há a. Ó rí i tó dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, téèpù ìwọ̀n lọ́rùn, tó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn àwọn. Téèpù yẹn náà ló fi yí ikùn ìyàwó òun po. Ó mọ bí ikùn náà ṣe tó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Onífíríìjì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í kí ló ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

*

Lábẹ́ afárá, níbi táwọn èrò ti ń wọkọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan ń ta oògùn eku lábẹ́ agboòrùn dúdú. Gọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pupa wà, káńfọ̀ wà, pàkúté wà. Onífíríìjì ti ra gbogbo rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró níwájú tábìlì, kò fọwọ́ kan ohunkóhun.

"Èyí tó ń pa wọ́n ò ṣiṣẹ́ fún ọ," ni obìnrin náà wí. Kò gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń rán wọn lo bá wá."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan, Màmá."

"Kí lo dì mú nínú àpò?"

Ó yọ ọwọ́ jáde. Wáyà ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gé, ojú eyín wà lára rẹ̀. Kò rántí ìgbà tó kó o sápò.

Obìnrin náà gbà á, ó fi àtàǹpàkò pa ojú eyín náà, ó mi orí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yíjú padà, wáyà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nǹkan róbótó kan ló wà níbẹ̀, tó tó ẹyin ẹyẹlé, tí wọ́n fi òwú dúdú wé yíká. Ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Gbé e sínú mọ́tò ẹni tó ń rán wọn sí ọ, níbi tó bá gbóná jù. Wọn ò ní wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ ẹ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí á fi tán."

"Kí ló máa tán, Màmá?"

Oníbàárà kan fẹ́ ra gọ́ọ̀mù. Obìnrin náà tà á fún un, ó fún un ní ṣéńjì, ó kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó sọ pé, "Bí o bá ti gbé e sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Ẹni tó bá mú un lẹ́yìn ìyẹn, òun ni wọ́n á máa tẹ̀lé."

Onífíríìjì ti yí ẹ̀yìn padà kó tó dúró. "Màmá, tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló rán wọn ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin náà wo ojú rẹ̀.

"O ò bi mí ní ìyẹn kó o tó fún mi ní wáyà," ló wí.

*

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù Tẹ́lọ̀, *gìrì-gìrì-gìrì*. Bó bá ti ń ké, ọwọ́ Onífíríìjì á máa lọ. Bó bá ti dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, èémí rẹ̀ náà á dúró. Ó ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì Tẹ́lọ̀ sókè. Ó wá ibi tí gbogbo wáyà ti pàdé lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó ti nǹkan náà bọ ibẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fa ọwọ́ jáde, ó dà bí ẹni pé nǹkan náà mí.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Kò ké mọ́.

"Ta nìyẹn?"

Tẹ́lọ̀ ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Èmi ni, Bùọ̀dá." Ó fa ọwọ́ jáde. "Mo ní kí n bá yín wo bátìrì ni. Mo rí i pé ẹ ṣí i sílẹ̀."

Tẹ́lọ̀ wò ó, ó wo bátìrì. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí tó láti kó ìdààmú bá ọ, o ṣì tún ń ro tèmi."

Onífíríìjì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

*

Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn tí mọ́tò rẹ̀ ń dáhùn ní yíyí kan. Kò sí wáyà tó gé, kò sí ìtẹ́, kò sí ìgbọ̀nsẹ̀ eku. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Tẹ́lọ̀, á gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá kan. Bó bá dúró, ohùn náà á dúró.

Síbẹ̀, Tẹ́lọ̀ ń wa mọ́tò náà lọ sọ́jà, ó ń wà á bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Onífíríìjì rò pé àsìkò tó láti ṣe iṣẹ́ náà ní àṣeparí. Ó tú gbogbo ìdì wáyà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́ bí egungun ẹja ńlá. Èrò rẹ̀ dára: yóò fi téèpù wé wáyà kọ̀ọ̀kan, yóò fi àwọ̀n onírin tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, yóò sì tò ó padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù kí ìyàwó rẹ̀ tó bí.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ìdì wáyà náà ló tíì wé tán nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ti wá ń bá wọn gbé, ké láti inú ilé.

"Àna mi! Omi ti dà o!"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, Mọ́mì!"

"Ọmọ ò mọ kàlẹ́ńdà! Tan mọ́tò!"

Ó wo ìdì wáyà tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ náà. Ó pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní omi ti bo ọ̀nà, ọkọ̀ wọn kò ní lè dé láàárín wákàtí kan ààbọ̀.

Tẹ́lọ̀ sáré jáde, téèpù lọ́rùn, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà. "Ẹ gbé e bọ̀! Mọ́tò mi wà ńlẹ̀ níbí!"

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ọkọ̀ ilé ìwòsàn," ni Onífíríìjì wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ṣé orí rẹ pé?" ni ìyá ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, èékánná rẹ̀ wọ ẹran. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni ọ̀nà náà. Mọ́tò náà ti ń rìn láti ọjọ́ mẹ́rin. Bóyá obìnrin abẹ́ afárá yẹn kàn jẹ́ onírọ́ ni. Ohun tó fi tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn, ó sì bá wọn wọ mọ́tò.

*

Họ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ lọ. Tẹ́lọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọkọ̀ ẹrù kan tó dí wọn lọ́nà, kò dún.

"Omi ló kó sí i," ni Tẹ́lọ̀ wí.

Onífíríìjì mọ ibi tí wáyà họ́ọ̀nù ń gbà: apá òsì, níwájú pátápátá.

Iná iwájú kan kú. Èkejì kú. Lẹ́yìn náà ni wáípà dúró láàárín gíláàsì, òjò sì bo gbogbo rẹ̀. Tẹ́lọ̀ yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ń fi ojú dídì wa ọkọ̀. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rún wómúwómú.

"Kí ló ń dún báyìí?" ni ìyá ìyàwó rẹ̀ bi wọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.

Nínú orí Onífíríìjì, ó ń rí ọ̀nà iná náà bí ẹni ń wo àwòrán. Láti etí ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Họ́ọ̀nù, iná, wáípà. Ó ku wáyà tó ń fa epo, ó ku ti kọ́ìlì. Bí wọ́n bá dé kọ́ìlì, ó tán.

Ìyàwó rẹ̀ ké. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bùọ̀dá, ẹ dúró."

"Dúró kẹ̀? Nínú òjò yìí?"

"Ẹ dúró! Èmi ni. Mo gbé nǹkan sínú mọ́tò yín. Ọjọ́ tí mo ní mò ń wo bátìrì."

Tẹ́lọ̀ tẹ bíréékì. Mọ́tò náà kú fúnra rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Mo rí àjákù aṣọ rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì mi. Aṣọ tí ẹ rán fún un. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń..."

"Àjákù aṣọ?" Ohùn Tẹ́lọ̀ ròkè. "Kí ló kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi bí kò ṣe àjákù aṣọ? Ìgbà mélòó ni mo rí fóòmù fíríìjì tìẹ nínú mọ́tò tèmi, tójú ń tì mí láti sọ! Mo bú ọ rí? Mo rò pé eku ni!"

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, láàárín ìrora méjì, láìwò ó.

"Lọ yọ ọ́."

*

Nígbà tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, àwọn eku náà kò sá.

Wọ́n jókòó sórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, lórí bátìrì, nínú gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n fara ti ara wọn. Láàárín wọn ni nǹkan náà wà. Ó ti tóbi tó ìkúùkù.

Ó mọ ohun tí obìnrin abẹ́ afárá wí. Ó na ọwọ́, ó mú un. Gbogbo orí wọn yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kì í bọ àpò. Ó wá wáyà kọ́ìlì, ó rí i: ó ti gé pátápátá. Kò mú ẹ̀mú lọ́wọ́. Ó fi eyín bó rọ́bà rẹ̀ lápá kan, ó tutọ́, ó fi eyín bó apá kejì, ó lọ́ bàbà méjèèjì mọ́ra wọn, ó ya ọ̀rá kan fi wé e. Nígbà tó gbé ẹnu kúrò lára wáyà náà, ó rí i pé ẹnu òun ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ tan án!"

Mọ́tò náà dáhùn.

"Wọlé ká lọ!" ni Tẹ́lọ̀ ké.

"Ẹ máa lọ, Bùọ̀dá. Ẹ má dúró de èmi."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé gíláàsì. "Ṣé o ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀," ló dá a lóhùn, ó sì sún sẹ́yìn.

Kí táyà tó yí ni àwọn eku ti ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ó ka ogún, ó ka ọgbọ̀n, ó ṣíwọ́. Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, kò sí ọ̀kan tó tẹ̀ lé e.

Onífíríìjì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rò ó pé kí òun ju nǹkan náà sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n ibi yòówù tó bá jù ú sí, mọ́tò ẹnìkan á kọjá níbẹ̀, ìyàwó ẹnìkan á sì wà nínú rẹ̀. Ó yà kúrò ní títì, ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí mọ́tò kò pọ̀ sí. Ọkọ̀ ẹrù kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń tan iná nígbà tó dé ibẹ̀. Nígbà tó fi kọjá tán, iná náà ti kú, awakọ̀ sì ń bú bátìrì rẹ̀.

Ó rìn títí òjò fi dá. Bó bá dúró mí, àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Kò dúró mọ́.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Obìnrin ni!" Tẹ́lọ̀ ló ń pariwo. "A dé, wọ́n gbé e wọlé, kò tó ogún ìṣẹ́jú! Gbọ́ ọ!"

Igbe ọmọ tuntun gba inú fóònù náà jáde, ó ga, ó bínú, kò sì sinmi. Onífíríìjì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rìn.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó jókòó, ó ń bú ọ. Ó ní kí n lọ mú ọ wá kóun lè bú ọ lójúkojú. Gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ tèmi àti tìrẹ ò tíì tán o, ṣùgbọ́n ìyẹn dọ̀la. Níbo lo wà? Ẹnìkan ti bá mi so iná iwájú. Mò ń bọ̀ wá gbé ọ."

Onífíríìjì wo ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà náà funfun níbi tí omi òjò ti dúró sí, dé ibi tí ojú rẹ̀ lè rí i dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rìn bọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ má gbé mọ́tò wá."